Ogún Ọmọ Ogun

Ọ̀nọré kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi mọ́tò sílẹ̀.
Páálí mẹ́rìndínlógún ló fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn,
gbogbo wọn kún fún sójà oníke
tí kò ga ju ìka àárín mi lọ.

Àwọn ẹbí wá láti Pobẹ̀, wọ́n wá láti Ìlárá,
wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń retí.
Mo ṣí páálí kan fún wọn.
Àbúrò rẹ̀ mú ọ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n sétí bí aago tó kú,
ó ní, “Ṣé èyí ni bùrọ̀dá ń kó owó oṣù lé?”
Wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ.
Bí ogun ṣe di ogún nìyẹn,
tí ogún di tèmi, láìsí ẹni tó bá mi dù ú.

Dúwáǹnì ni ọkọ mi, ní ẹnubodè Ìlárá,
níbi tí obìnrin kan ti ń dáná ní Bẹ̀nẹ̀
tó sì ń sùn ní Nàìjíríà, nínú ilé kan náà.
Lọ́jọ́ kan wọ́n tú ẹrù aṣọ òkú Òyìnbó.
Nínú àpò kóòtù ọmọdé ni sójà àkọ́kọ́ ti yọjú,
ìbọn rẹ̀ tẹ̀ bí ewé ata lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọ̀nọré gbé e wálé, ó gbé omi kaná,
ó ri ìbọn bọ omi gbígbóná, ó fi èékánná nà án tọ́,
ó rì í bọ omi tútù.
Ìbọn dúró ṣánṣán.
Ó wò mí bí ẹni tó wo arọ sàn.

Láti ìgbà náà, Sátidé kì í bá a nílé.
Kútọnu ni, Wandó ni, ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn onírin àlòkù ni.
Ó kọ́ mi ní ohun tí n kò bèèrè:
pé ike àtijọ́ a máa gbẹ bí eegun, a máa dá ní kókósẹ̀;
pé èyí tí wọ́n bá tún kùn, owó rẹ̀ já wálẹ̀;
pé páálí ni ìdajì ìyì.
Mo ní, “Ìwọ tí o kò lè pa adìẹ!”
Ó ní, “Àwọn yìí náà ò tíì pa nǹkan kan.”

Kétu mọ ogun, ogun mọ Kétu.
Wọ́n gbé ìyá ìyá-ìyá mi kọjá lára odi tó ń jó.
Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn, n kò mọ̀,
tó fi máa ń tò wọ́n sójú fèrèsé lọ́jọ́ àìsíṣẹ́,
tí gbogbo wọn á kọjú sí Àkàbà Ìdènà.
“Ẹ̀ṣọ́ tó pẹ́ dé” ló ń pè wọ́n.

Mùsíè Káńpọ́ọ̀sì, Àgùdà Àjàṣẹ́,
gbé dígí tí ń sọ kékeré di ńlá wá.
Ó yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àtẹ́lẹsẹ̀,
ó dúró lórí páálí aláwọ̀ ojú ọ̀run.
“Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ síbí, Màdáàmù.
Ogún ni mo kà, ó lé mẹ́ta.
Ẹni tó kúnlẹ̀, tó gbé rédíò pọ̀n, ni kò sí.
Bó bá pé, igba ẹgbẹ̀rún. Bí kò bá pé, ìdajì.”

Mo wá abẹ́ tìmùtìmù. Mo tú agolo gàárì.
Nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, tí n kò tíì lè fún ẹnikẹ́ni,
nínú àpò àyà, apá òsì,
ibi tí bọ́tìnì ti já tí mo ní màá rán an, tí n kò rán an,
ni ọkùnrin kékeré náà wà lórí eékún,
ó gbé fóònù létí,
òógùn àyà ọkọ mi ti fá gbogbo imú rẹ̀ dán.

Ọdún mélòó?
Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀,
tí èmi sì ń fọ aṣọ náà, mo ń lọ̀ ọ́,
tó máa ń yọ ọ́ kí n tó fọ̀ ọ́, tó ń dá a padà?

Mo padà sí pálọ̀.
Mo ní, “Mùsíè, n kò rí i.”
Ó ka ìdajì sí mi lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wá abẹ́rẹ́,
mo rán bọ́tìnì náà,
mo sì ti àpò mọ́ ọn.