Ilẹ̀ Gáréèjì Wa

Ọdún mẹ́fà ni yìnyín Winnipeg fi bá mọ́tò wa wọlé,
tó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ lóru,
tó ń fi iyọ̀ títì jẹ sìmẹ́ńtì bí ẹní ń jẹ gúgúrú.
Ilẹ̀ náà wá rí bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná ti yà kí.
Ìbídùn ní, "Ẹ jẹ́ ká kùn ún kí oṣù Kẹjọ tó lọ.
Òtútù ìlú yìí kì í ránṣẹ́ ṣáájú."

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó páálí àwọ̀ lé wa lọ́wọ́,
pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ìwé ìdájọ́.
Eérú mọ́kànlá ló wà níbẹ̀:
eérú òwúrọ̀, eérú eyẹlé, eérú òkúta abẹ́ omi.
Mo ní pupa ni mo fẹ́,
pupa ilẹ̀ Ìlárá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀,
èyí tó máa ń bá ẹsẹ̀ wa wọ yàrá, tí ìyá wa á pariwo.
Ìyàwó mi wò mí.
"Ẹ fẹ́ sanwó kí ilẹ̀ yín lè dọ̀tí títí ayé?"
Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.
Eérú eyẹlé la rà.

Rodel aládùúgbò ti kun tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì
(ti àkọ́kọ́ ṣí, ó bá táyà lọ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀).
Ó ní kí n má kánjú. Kí n fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀,
kí n sùn, kí n jí:
bí abẹ́ ọ̀rá bá làágùn, omi ṣì wà nínú ilẹ̀ nìyẹn.
Mo sùn. Mo jí. Ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

Mo wá fi ọṣẹ ha ojú epo tí mọ́tò wa àtijọ́ tọ̀ sílẹ̀,
mo da ásíìdì, ó hó ṣìì,
mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró fún ọjọ́ méjì.
Ìyá àgbà mi, tó máa ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá rẹ̀,
ì bá ti mọ gbogbo èyí láì ka ara agolo:
ilẹ̀ a máa tú àṣírí ọwọ́ tó bá kánjú.

Agolo méjì ni ọ̀dà ọ̀hún. Bí o bá ti pò wọ́n pọ̀,
ogójì ìṣẹ́jú ni àánú rẹ̀ mọ;
lẹ́yìn náà, òkúta lo rù nínú garawa.
Mo bẹ̀rẹ̀ létí ilẹ̀kùn.
Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí?
Létí ilẹ̀kùn.
Mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń yí rólà, mo ń súfèé,
ilẹ̀ ń dán níwájú mi bí adágún odò
títí ìdí mi fi kan fíríìsà.
Kò sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn fíríìsà.

Ìbídùn dé. Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí.
Ó lọ pe Rodel wá wò mí.
Rodel lọ pe ìyàwó rẹ̀.

Wákàtí mẹ́rìndínlógún kí ẹsẹ̀ tó kàn án, agolo ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo gun orí fíríìsà, mo jókòó,
mo jẹ áísìkiriìmù àwọn ọmọ, mẹ́ta.
Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.
Mo bọ́ bàtà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ la adágún náà já,
ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án.

Ó di ọdún mẹ́rin. Táyà ò tíì ṣí i níbì kankan.
Mo ra agolo kékeré tí n ó fi dí ojú ẹsẹ̀ náà;
Ìbídùn gbé e pamọ́, kò sọ ibi tó wà.
Bí yìnyín bá ń yọ́ lára mọ́tò báyìí,
inú wọn lomi ti ń kọ́kọ́ dúró,
mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tí wọ́n kọjú síta.
Ìyàwó mi a tanná, a wò wọ́n,
kó tó wọlé.