Ọkọ̀ Tí Àga Awakọ̀ Rẹ̀ Wà Lọ́tùn-ún

Ọgọ́ta kìlómítà láti Kárà-Báltà dé Bíṣíkẹ́ẹ̀kì,
ọgọ́ta mìíràn nírọ̀lẹ́.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì lọ fọ aṣọ ibùsùn aláìsàn,
mo mọ òórùn ìbọ̀sẹ̀ gbogbo ará àdúgbò wa.
Lóṣù Kejìlá, bọ́ọ̀sì kò dé.
Mo dúró nínú yìnyín títí irun ìpéǹpéjú mi fi gan.
Nígbà tí mo débi iṣẹ́, wọ́n ti kọ orúkọ mi
sínú ìwé àwọn apẹ́lẹ́yìn.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Owó wà nínú agolo tíì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Àkàtúnkà kì í sọ owó di púpọ̀.

Tọ́kítósúnù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kí n ra ọkọ̀ Jámánì,
ọkọ̀ tí aráyé yóò rí, tí wọn yóò yà lọ́nà.
Òun náà ní ọ̀kan: ó dúdú, ó gùn bí pósí,
lítà mẹ́rìnlá ló ń mu kó tó rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà.
Láti ìgbà ìkórè ló ti wà lábẹ́ igi ápù.
Adìyẹ ti yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀.
Mi ò bá àgbà jiyàn.
Mo kàn kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi: mẹ́rìnlá. Márùn-ún.
Ohun tó dùn-ún wò, ṣé ó dùn-ún bọ́?

Bàbá mi, nígbà ayé rẹ̀,
a máa la ẹnu ẹṣin kó tó sanwó.
“Eyín ò mọ irọ́ pa,” ló máa ń wí.
Èmi náà dé ọjà ọkọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ wo mítà:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta péré, bí ọkọ̀ ìyàwó tuntun.
Ṣùgbọ́n rọ́bà orí bíréèkì ti jẹ bí bàtà darandaran.
Mo wo ọkùnrin tó ń tà á. Ó wojú sánmà.
Mítà kì í ṣe eyín.

Ẹ̀kẹta ni mo rà.
Kékeré, aláwọ̀ eérú, ó lúgọ bí ọ̀pọ̀lọ́.
Jàpáánì ló ti wá; bébà kan ṣì lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀
tí ẹnikẹ́ni nínú ọjà kò lè kà.
Ọkọ̀ tí kì í jẹ ju ẹnu rẹ̀ lọ,
ọkọ̀ tí ń la epo lá bí ológbò ti ń la wàrà.
Ó pọ́ọ́kú torí pé apá ọ̀tún ni àga awakọ̀ wà,
ní ilẹ̀ tí gbogbo wa ti ń gba ọ̀tún.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
“Ọkọ̀ tó ń wo kọ̀rọ̀!”

Kò parọ́. Tí ọkọ̀ akóríko bá wà níwájú,
ìdí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

Bí Sáíràkánì ṣe wọnú ọkọ̀ mi nìyẹn,
opó tó ń se oúnjẹ nílé ìwé kan ní Bíṣíkẹ́ẹ̀kì.
A ò kí ara wa láti ọdún tí ajá rẹ̀ ti pa pẹ́pẹ́yẹ wa.
Ó san ìdajì owó epo, ó jókòó lósì,
ó na ọrùn.
“Dúró.”
“Dúró ná.”
“Ó yá, lọ!”
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí la fi parí ìjà.

Lánàá, ibà dá a dùbúlẹ̀.
Mo tẹ̀ lé ọkọ̀ akóríko láti ilé dé ẹnu odi ilé ìwòsàn,
koríko gbígbẹ ń fò lu gíláàsì,
epo kò lọ sílẹ̀ rárá,
mo sì ń bi àga òfìfo léèrè:
ṣé kí n lọ?