Ibi Tí Màlúù Dùbúlẹ̀ Sí

Ọdún tí ogun le, tí òjò kọ̀,
àwọn baba ńlá wa jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún òrìṣà ogun wọn:
ohunkóhun tí a bá bí ní ìgbà ìrúwé yìí, tìrẹ ni,
ọmọ àgùntàn, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ ènìyàn.
Wọ́n pa ti ẹran.
Ọwọ́ wọn kò gbé e láti pa ti ènìyàn.
Wọ́n tọ́ wọn dàgbà bí ẹni ń tọ́jú owó olówó.

Ogún ọdún pé, olówó dé.
Wọ́n da aṣọ bò wọ́n lójú, wọ́n sìn wọ́n dé ààlà,
wọ́n ní ẹ máa lọ, ẹ má wẹ̀yìn.
Ìyá kankan kò sunkún lójú ọ̀nà;
ilé ni wọ́n ti sun ún, sínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò.

Akọ màlúù kan ló ṣáájú.
Níbi tó bá ti jẹko, wọn a jókòó.
Níbi tó bá ti mumi, wọn a pọ́n ọ̀kọ̀.
Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ó gun òkè yìí,
ó kúnlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀.
Pákísì olórí wọn gún ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ibí ni."
Wọ́n sì pa màlúù náà jẹ.
Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ afinimọ̀nà ní Róka Fitúla nìyẹn.

Àwọn kan ti wà níbí kí wọ́n tó dé.
A rí ìkòkò wọn lábẹ́ oko àjàrà,
ojú ìka ọmọdé wà lára amọ̀ rẹ̀.
Mo bi bàbá mi pé àwọn wo ni.
Ó ní, "Jẹun rẹ."

A ṣẹ́gun Róòmù lẹ́ẹ̀kan, a kò yéé sọ ọ́.
Róòmù ṣẹ́gun wa, ìyẹn la kì í sọ.
Wọn kò gé ahọ́n wa,
èdè tiwọn ni wọ́n kàn gbé lé e lórí
títí tiwa fi kú sábẹ́ rẹ̀.

Nunṣíò ń gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀
ló bá bẹ́líìtì idẹ pàdé, ìkọ́ rẹ̀ ṣì ń mú nǹkan.
Ó fi ro ìbàdí, kò pé e rárá.
Ọmọ mi Sabíno fi ro tirẹ̀, ó ṣe rẹ́gí,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà.
Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní "jagunjagun,"
eékún tó ní àpá ni mo ń rí.

Èmi ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn wà lọ́wọ́ mi.
Ilé mọ́kànlá péré ni èéfín ń jáde nínú rẹ̀.
Sabíno náà lọ ní ìrúwé, ó lọ sí Toronto.
Kò sí màlúù níwájú rẹ̀,
awakọ̀ kan ni, tó ń fa sìgá.
Mo ní, "Ibo lo máa dùbúlẹ̀ sí?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ yìí màlúù Donáto, ọ̀kan ṣoṣo tó kù,
dùbúlẹ̀ sáàárín títì.
Bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè, ó ń fọn fèrè.
Kò dìde.