Ta Ló Dáná Sábẹ́ Omi Náà?

Ìyá mi, Àyọ̀ká, kò tíì jí tán
tí orúnkún rẹ̀ ti ń ké.
Mo kó èédú sínú àdògán lẹ́yìnkùlé wa l'Ókè Ààrẹ,
mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi pọ́n,
mo gbé ìkòkò kaná, mo já ewé efinrin sí i.
Ìbàdàn ṣì wà nísàlẹ̀ nínú ọyẹ́,
páánù tó dípẹtà lé páánù tó dípẹtà,
bí ẹni pé ìlú fi aṣọ ìdọ̀họ bora.

"Sọ ti omi yẹn fún mi," ló wí.
Ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí.

Mo ní: Màámi, Kòríà ni.
Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi rán wa lọ kọ́ nípa ìrẹsì,
ọjọ́ ìsinmi kan la wọ bọ́ọ̀sì lọ sétí òkun,
níbi tí òkè ti rìn títí tó fi tẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀.
Òkè yẹn kò jọ tiwa.
Tiwa jókòó, ó ru agbo ilé lórí, ewúrẹ́ ń gun ọrùn rẹ̀;
tiwọn dúró, ó yọ eyín òkúta sójú ọ̀run,
yìnyín sì wà níbi tí irun ì bá wà.

Ilé ìsìn kan wà lórí àpáta, òkun ń gbá a nísàlẹ̀.
A bọ́ bàtà. Pákó ilẹ̀ tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́.
Ọkùnrin kan tó fárí, tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú,
ti igi lu agogo kan tó ga jù mí lọ.
Ohùn náà kò parí, Màámi.
Ó wọ òkun lọ, mo ń retí ìgbà tí yóò tán,
títí Oyèkànmí ará Mọ́níyà
fi ní kí n máa bọ̀, ebi ń pa òun.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í rúbọ níbẹ̀ ni?"
Mo ní n kò rí ẹbọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo rí,
tí àwọn èèyàn tò léra wọn lẹ́bàá ọ̀nà,
òkúta kan, ẹ̀bẹ̀ kan:
ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ìyàwó tó ń wojú Olúwa.
Mo mú ọ̀kan nílẹ̀, èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì fi bẹ nǹkan,
mo fi í sápò.

"Omi ńkọ́? Omi ni mo ní kí o sọ."

Ó ń tinú ilẹ̀ wá, tòun tooru rẹ̀.
Yìnyín yí adágún ká, èéfín ń rú lójú omi.
Ìhòòhò ni gbogbo wa, arúgbó àtọ̀dọ́;
mo fi aṣọ ìnura kékeré bo ìtìjú ńlá.
Baba kan wò mí, kò béèrè ibi tí mo ti wá.
Ó tọ́ka sí ẹ̀yìn mi, ó mú kànrìnkàn,
ó ń ha mí bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.
N kò gbọ́ èdè rẹ̀.
Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá síwájú ilé yìí,
ọkùnrin àgbà kan kò fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn mọ́.
Mo bomi bọ́jú. Nínú omi, ta ni yóò mọ̀?

Ìyá mi dákẹ́. Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ọpọ́n,
ó mí kanlẹ̀.
"Ta ló dáná sábẹ́ omi náà?"
Mo tún ṣàlàyé iná inú ilẹ̀,
àpáta tó yọ́ bíi ṣúgà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.
Ó mi orí. "Mo ní, ta ló ń ṣẹ́gi?
Iná kì í dédé jó. Ẹnì kan ń jí ní kùtùkùtù."

Èédú ti ń di eérú. Mo wọlé lọ wo òkúta kékeré náà
tí mo gbé ka ojú fèrèsé rẹ̀ bí ohun ọ̀wọ̀.
Kò sí níbẹ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i, lábẹ́ omi,
ó ń fi í ha gìgísẹ̀.
"Òkúta yìí dáa," ló wí.
"Bí o bá tún lọ, mú méjì bọ̀."