Orúkọ Mi Ni Wọ́n Kọ Sí I

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń kó wọn jọ,
báàjì mẹ́fà, pẹlẹbẹ bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán.
Mo ń kó wọn sínú páálí tí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ wá,
mo ń gbé e fún dẹ́rẹ́bà Ìbàdàn ní gáréèjì Ìsánlú:
"Má gbé e sínú oòrùn o."
Ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà níbẹ̀, màámi, ẹyin?"

Rárá o. Ohun tó wà níbẹ̀
ni iye ìgbà tí ohun tá ò rí ti rí wa.

Ìtànṣán kì í rùn. Kì í jóni bí iná ìdáná.
Ẹni tí ejò bù jẹ á mọ̀;
eléyìí ń jẹ, ó ń fẹ́ ẹ,
bí eku ilé nídìí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn.

Bàbá Ìbítóyè, tó fi ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́,
ọdún mọ́kànlélógún ni ìwé rẹ̀ fi ń sọ pé òdo, òdo, òdo.
Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni mo rí ìdí rẹ̀:
báàjì wà nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́bàá obì gbígbẹ
àti kọ́kọ́rọ́ kan tí kò ní ilẹ̀kùn.
Ó ní, "Bí iye bá ga, wọ́n á gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ.
Ta ni yóò máa ya egungun fún ará Ìfẹ̀-Olúkòtún?"
N kò dá a lóhùn.
Òdo tó sùn nínú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe àlàáfíà.

Èmi ń lo tèmi, lábẹ́ ẹ̀wù òjé,
ọ̀kan ṣoṣo tá a ní,
tó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó sùn lọ lẹ́yìn ẹni.

Ṣùgbọ́n Ọmọ́lará,
tó ń nu ilẹ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn,
òun là ń pè bí ọmọdé bá kọ̀ tí kò dúró jẹ́ẹ́.
Ìgbà máńgòrò, ẹ sá mọ̀: ọwọ́ kán lónìí, itan kán lọ́la.
Á gbá ọmọ mú níwájú ẹ̀rọ,
"Okun o, okun, ó ti tán,"
gbogbo wa á sá sẹ́yìn ògiri,
òun á kù síbẹ̀ pẹ̀lú àńkárá àti sùúrù.
Kò ní báàjì. Ìwé kò kà á mọ́ wa.

Nígbà ọyẹ́, mo bọ́ tèmi,
mo so ó mọ́ ọn láyà. N kò bi ẹnikẹ́ni.
Ó rò pé mo ta òun lọ́rẹ ohun ẹ̀ṣọ́;
àràárọ̀ ló ń nù ún.

Ìwé dé láti Ìbàdàn.
Iye tó wà níwájú orúkọ mi
ga ju ti àwọn márùn-ún yòókù lọ, bí a bá pa wọ́n pọ̀.
Dókítà àgbà pè mí: "Níbo lo máa ń dúró?"
Kúérì. Ọjọ́ méjì kí n fi dáhùn.

Òkè ẹ̀yìn ọsibítù ń wò mí lójú fèrèsé,
òkúta dúdú tí òjò ti kọ ní ilà funfun.
Mo kọ ọ́: "Mo ṣàṣìṣe, Sà. Báàjì kì í ṣe aṣọ àyálò.
Ẹ bá mi wí. Ṣùgbọ́n iye yẹn kò parọ́;
orúkọ ló ṣìnà. Ẹ nu tèmi nù."

N kò tíì rí èsì.
Páálí tún wà lórí tábìlì, báàjì mẹ́fà.
Mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹfà.
Níta, ìyá kan ń sáré bọ̀, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀,
oje máńgòrò ṣì wà lágbọ̀n ọmọ náà.
Ọmọ́lará ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.
Mo ní, "Dúró ná."
Mo bọ́ ẹ̀wù òjé, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.
Ó ní, "Ó mà wúwo o."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."