Ọjọ́rú Kò Ní Bọ́ọ̀sì

Lẹ́tà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó tutù bí ọwọ́ òkú:
Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Oṣù méje ni mo fi dúró de gbólóhùn kan yìí.
Mo wo ìwé bọ́ọ̀sì tí mo lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì, ó ń lọ.
Ọjọ́rú ṣófo bí àwo ọmọ tó jẹun tán.

Àbúlé wa ní Powys kò ju ilé mọ́kànlá lọ,
àti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti tì pa.
Àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ níbẹ̀;
àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé n kì í sùn mọ́.
Ní aago mẹ́ta òru, a ó máa wo ara wa lójú fèrèsé,
wọn a máa jẹ àpọ̀jẹ,
èmi a máa jẹ ọ̀rọ̀ tí n kò rí gbé mì.

Ohun tó ń ṣe mí kò ní egbò tí a lè fọ̀.
Mo ń wẹ àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú lẹ́yìn afárá,
mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ń ka oògùn wọn fún wọn,
n óò wá wọ yàrá ìfọṣọ, n óò tan ẹ̀rọ
kí ariwo rẹ̀ lè bò mí kí n tó sunkún.

Mo pe màmá mi. Wọ́n ní kí n ka Sáàmù.
Mo kà á. Sáàmù dára.
Wọ́n ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ sí i níta o."
Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò pè;
àwa méjèèjì ń gbọ́ bó ṣe ń mí lórí wáyà.

Wọ́n ní mo lè rí ẹnìkan lójú fóònù.
Orí òkè nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.
Mo gun òkè nínú òjò,
ojú obìnrin náà yọ, ó la ẹnu,
ó sì dì gbagidi bẹ́ẹ̀.

Emlyn, tí ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ló gbọ́ tí mo ń bèèrè ọkọ̀.
"Aago méje," ó wí, kò fi nǹkan kan kún un.
"Abẹkẹ" ló ń pè mí, ahọ́n rẹ̀ kò rí *gb* gbé;
èmi náà ń kọsẹ̀ lórí *l* méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbúlé rẹ̀.
Bàbá mi àgbà ló sọ mí ní Àgbékẹ́.
Lọ́jọ́ náà mọ́tò tó ń rùn bí irun àgùntàn tútù ló gbé mi,
ajá kan gbé àgbọ̀n lé mi nítan
fún máìlì mọ́kànlélógójì.

Nọ́ọ̀sì náà ti rẹ̀. Ó bèèrè oorun. Ó bèèrè oúnjẹ.
Ó ní, "Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kí o má sí mọ́?"
Mo wo òdòdó ike tó wà lórí tábìlì rẹ̀.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Òrùlé kò jìn. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí,
ó sì ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Emlyn ṣì wà níbi tí mo fi í sí, tíì rẹ̀ ti tutù.
A rìn títí a fi dé afárá kó tó sọ̀rọ̀.
"Kí ni wọ́n ń bi ènìyàn níbẹ̀?"
"Oorun ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè."
Ó dẹwọ́ eré bí ẹni pé àgùntàn ń sọdá.
Kò sí àgùntàn.
"Èmi náà," ó wí, ní Gẹ̀ẹ́sì,
tí kì í ṣe èdè ìyá mi, tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀,
"láti ìgbà tí Nerys..."
Ajá gbé orí sókè.

Mo tẹ́ lẹ́tà náà síwájú mọ́tò, nọ́ńbà wọn lókè.
Kò wò ó. Ó wakọ̀ kọjá ilé mi, ó tún yí padà.
"Ọjọ́rú wo," ó wí, "ni wọ́n tún dá?"