Mọ́kànlélógójì

Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì Kwasau fà ya.
Ó fi bírò pupa ya ẹyẹ sí i,
ó gbé e síwájú ẹ̀rọ mi ní Kawo, lọ́sàn-án ọyẹ́,
ó ní, "Baba Ìgbẹ́tì, báàjì apá òsì ni.
Mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá fẹ́ kí ó bínú."

Mo wo ẹyẹ náà.
Orí rẹ̀ funfun bí orí arúgbó,
ó la ẹnu sílẹ̀, ó fi èékánná di ọ̀kọ̀ mẹ́ta mú,
mànàmáná ń kọ lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní, "Níbo lo ti rí eléyìí?"
Ó ní nínú ìwé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.
Mo ní, "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé Kàdúná,
ẹyẹ yìí kò tíì gbé adìyẹ ẹnì kankan níhìn-ín."

Mo tọ́ka sókè odò ẹran.
Àwọn àwòdì ń yí po lórí èéfín awọ,
shírúwà, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é,
aláwọ̀ ilẹ̀, onírù tó là bí ìrù ẹja.
Kò pariwo, kò ya ẹnu,
ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.
Ẹyẹ tó bá ń bínú, ẹran á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sájẹ́ńtì ṣí fìlà, ó họ orí, ó lọ bá wọn sọ ọ́.
Ọjọ́ mẹ́jọ, n kò rí i.
Nígbà tó dé, ó ní wọ́n gbà,
àfi kí n má yọ mànàmáná,
kí n má sì fọwọ́ kan gbólóhùn ìsàlẹ̀,
lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́tàdínlógún.
Èmi kì í kà á bí ìwé.
Bí owó ni mo ṣe ń kà á, kí ọ̀kan má baà dín.

Òwú dúdú fún ìyẹ́,
òwú aláwọ̀ obì fún àyà.
Ojú ni mo máa ń rán kẹ́yìn;
bí mo bá kọ́kọ́ rán an, á máa wò mí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, Nehemáyà, ará Zuru,
ìyẹ́ òsì tirẹ̀ kì í pẹ́ tú.
Ó ní bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ ló ń gé e.
Mo ní kí n fún un ní tuntun,
ó ní, "Baba, ẹ bá mi tún un rán.
Eléyìí ti mọ ọ̀nà."

Lọ́dún yìí Sájẹ́ńtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.
"Ogójì," ló wí.
Mo ní, "Ṣé ẹ kà á dáadáa?"
Ó ní, "Ogójì ni, Baba."
N kò bi í mọ́.
Rédíò ti sọ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
àárín ọ̀rọ̀ ni iná lọ.

Ẹsẹ̀ mi ló dà mí.
Mo ń tẹ ẹ̀rọ, mo ń ka ẹyẹ,
mo dé ogójì, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́,
ẹsẹ̀ kò dúró.

Sájẹ́ńtì tò wọ́n sórí tábìlì ní mẹ́wàá mẹ́wàá,
ó ṣẹ́ku ọ̀kan. Ó tún wọn kà.
Ó fi àtàńpàkò tẹ ìyẹ́ òsì rẹ̀,
níbi tí mo ti rán an ní ìlọ́po méjì.
Ó tì í sọ́dọ̀ mi.
Ó tún fà á padà,
ó ṣí bọ́tìnnì àpò àyà rẹ̀, ó fi í síbẹ̀.
Owó mọ́kànlélógójì ló san,
kò dúró gba ṣéńjì.

Mo jáde láti wo òkè odò ẹran.
Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń yí po.
Oòrùn wọ̀ mí lójú,
n kò lè kà wọ́n.